Ìwé Àṣẹ Ilé Ijó Òru àti Oorun Aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa

 

Ìwé méjì ni ó wà lórí tábìlì ní iwájú wa ní alẹ́ yìí. Ìwé kìíní ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan wá, ẹni tí ó ní ilé ijó kan ní àdúgbò tí púpọ̀ nínú yín mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a bá òun fi ọwọ́ sí ìwé tí òun yóò mú lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọn lè fún òun ní ìwé àṣẹ láti máa ta ọtí àti láti máa lu ìlù títí di agogo 4 ìdájí. Ìwé kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn onílé tí ó yí ilé ijó náà ká wá. Àwọn pẹ̀lú bẹ̀ wá pé kí a bá wọn fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, kí ìjọba lè ti ilé náà pa pátápátá. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́ wa ni pé ìwé méjèèjì ni ó fi àṣà Yorùbá ṣe ẹlẹ́rìí. Onílé ijó sọ pé ìlù ni àṣà wa, àti pé ẹni tí ó bá ní kí ìlù dákẹ́, ó fẹ́ kí Yorùbá kú. Àwọn onílé sọ pé ọ̀wọ̀ fún àgbà àti àánú fún aláìsàn ni àṣà wa, àti pé ẹni tí ó bá ń pariwo ní orí àgbà ní òru kì í ṣe ọmọlúàbí. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń fa aṣọ kan náà báyìí, ó yẹ kí ẹnìkan wo aṣọ náà dáadáa kí ó tó ya.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, mẹ́rin nínú wa jáde ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan láti lọ fi ojú ara wa rí i, kí a sì fi etí ara wa gbọ́ ọ.

A kọ́kọ́ wọ inú ilé ijó náà. A ó sọ òtítọ́ fún yín: ibẹ̀ dára. Àwọn onílù mọ iṣẹ́ wọn, àwọn tí ó wá jó wọ aṣọ iyì, a kò sì rí ẹni tí ó ń jà. Obìnrin tí ó ń se ọbẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé sọ fún wa pé owó ilé-ìwé ọmọ òun ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Ẹni tí ó ń sun súyà ní ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ tí ó ń dúró de èrò, ọmọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ọkọ̀ àwọn àlejò, gbogbo wọn ni ó ń jẹun láti ara òru yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ nípa títi irú ilé báyìí pa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa pípa iná àtùpà, kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Nígbà tí ó di agogo 1 òru, a kọjá sí ilé kejì, níbi tí bàbá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé. Bàbá náà kò sùn. Ó fún wa ní àga, ó bu omi sí inú ife, ó gbé e ka orí tábìlì, ó ní kí a máa wò ó. Ojú omi náà ń gbọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ ilé ijó wà ní abẹ́ fèrèsé bàbá yìí gan-an. Wọ́n ti gbé e jìnnà sí àwọn tí ó ń jó kí èéfín má baà dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé, nínú yàrá náà, a kò lè mọ orin tí wọn ń kọ. Wákàtí kan ṣáájú, a ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà yékéyéké. Ìlù ilẹ̀ wa a máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń kì ọ́ ní ìta, ìwọ yóò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ nínú ilé. Èyí tí ó la ògiri kọjá sí inú yàrá bàbá yìí kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Gbì, gbì, gbì ni, bí ẹni ń fi ìkúùkù kan ilẹ̀kùn tí kò sì sọ ohun tí ó ń wá.

A bi bàbá náà ní ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe. A rò pé yóò ní kí a ti ilé náà pa, nítorí òun pẹ̀lú fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ó ní: "Ẹ sáà jẹ́ kí n mọ ìgbà tí yóò parí. Bí mo bá mọ̀ pé agogo 12 ni, n ó kàwé títí di agogo 12, n ó sì sùn. Àìmọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, kódà ní alẹ́ tí wọn kò bá lu ìlù."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àṣà kúrò ní ọ̀nà ná. Ṣé lóòótọ́ ni pé òru àwọn baba wa dákẹ́ rọ́rọ́? Rárá o. Àìsùn òkú wà, àwọn ọdẹ a máa sun ìrèmọ̀jé fún ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó lọ, ìyàwó a máa sun ẹkún ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí yóò lọ sí ilé ọkọ, àwọn ọmọdé a sì máa ṣeré òṣùpá títí ìyá wọn yóò fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìlù lè lù ú nígbà tí ó bá wù ú? Rárá pẹ̀lú. Gbẹ̀du kì í ṣe ìlù ẹni gbogbo. Ti ọba ni. Orò ní òru tirẹ̀, a sì ń kéde rẹ̀ kí ẹni tí kò gbọdọ̀ jáde lè múra sílẹ̀. Akéde a máa lu agogo yí ìlú ká kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Nítorí náà, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn baba wa fi ṣe òfin òru. Òfin wọn ni pé kí ará ilé mọ ẹni tí ó ni ariwo náà, kí ó mọ ìdí rẹ̀, kí ó sì mọ òpin rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù ni ti wéré, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ajísààrì. Nínú oṣù Ràmàdáánì, ní ìlú Èkó àti Ìbàdàn àti àwọn ìlú wa mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin, wọn a máa lu ìlù kiri àdúgbò ní òru gan-an, kí àwọn Mùsùlùmí lè jí jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wò ó! Ariwo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jí aládùúgbò, a kò sì pè é ní ìyọlẹ́nu. Láti inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé fújì jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960. Kí ni ó mú kí àdúgbò fara mọ́ ọn? Nítorí pé oṣù kan péré ni, nítorí pé ọmọ tí ó ń kọrin ni gbogbo ènìyàn mọ bàbá rẹ̀, àti nítorí pé bí òṣùpá bá ti yọ, ó parí. Ẹ bá wa mú kí wéré di ti alẹ́ 365 nínú ọdún, kí a sì gbé sípíkà tí ó tó ènìyàn dúró lé orí òrùlé, kí ẹ sì wò ó bóyá Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ kò ní kọ ìwé ẹ̀sùn.

Àwọn Gã ará Accra ní irú òfin yìí títí di òní. Ní ọdọọdún, kí ọdún Homowo tó dé, wọn a ka ìlù àti ariwo léèwọ̀ ní ìlú wọn fún nǹkan bí oṣù kan. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nípa rẹ̀ láàrin wọn àti àwọn ìjọ Kristẹni kan láti ọdún 1998 síwájú, nítorí náà a kò sọ pé òfin náà kò ní ìnira. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé fífi àkókò sí ìlù kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa.

Ohun tí ó yí padà ní ilẹ̀ wa ni iná mànàmáná. Nígbà tí Bobby Benson ń ṣe Caban Bamboo, tí Kakadu sì ń gbèrú ní Yábàá, àti lẹ́yìn náà nígbà tí Ebenezer Obey ní Miliki Spot, tí Sunny Adé sì ní ilé ijó Àríyá tirẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin òru a máa lọ sí ibi tí orin wà. Ní òní, orin ni ó ń lọ sí ibi tí ènìyàn wà, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. A kò sọ pé ariwo kò sí ní ìgbà àwọn gbajúmọ̀ yìí. A mọ bí àríyá jùjú ti ń dí òpópónà láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti òní ju ti àná lọ, ilé sì ti sún mọ́ ilé.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ariwo ti ń rìn, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí olè ti ń wọlé kò lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò tì. Àwọn onímọ̀ ń fi desibẹ́ẹ̀lì wọn ariwo. Òǹkà yìí kì í ṣe bí òǹkà owó. Bí ariwo bá kúrò ní 45 tí ó di 55, ẹ má ṣe rò pé ó fi díẹ̀ pọ̀ sí i. Agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po 10, etí ènìyàn yóò sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì. Ní gbangba tí kò sí ògiri, bí o bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, nǹkan bí 6 ni yóò kúrò nínú rẹ̀. Nínú ilé ijó, ariwo a máa tó 100, a sì máa lé ní 100. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ni yóò gba bàbá wa sílẹ̀.

Ohùn òkè, bí ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí ti olórin, ògiri a máa dá a dúró. Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn onílù ìgbàlódé ń pè ní béèsì, ni ògiri kì í lè dá dúró. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin ní yàrá bàbá náà, tí ó sì jẹ́ pé gbì-gbì nìkan ni a gbọ́. Òru fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ariwo: nígbà tí ilẹ̀ bá tutù tí afẹ́fẹ́ òkè sì gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ohùn tí ìbá gòkè lọ sí ojú ọ̀run a tẹ̀ padà wá sí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé "ariwo wa kì í dé ibẹ̀ ní ọ̀sán" lè máa sọ òtítọ́. Kò sì dá ẹ̀jọ́ òru.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2009, nínú ìlànà tí ó gbé jáde fún ilẹ̀ Yúróòpù, pé ariwo ìta ilé ní òru kò yẹ kí ó ju 40 lọ. Ní ọdún 2009 náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe ìlànà tirẹ̀ nípa ariwo, lábẹ́ àjọ tí a ń pè ní NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ìlànà náà pín ọjọ́ sí méjì: agogo 6 òwúrọ̀ sí agogo 10 alẹ́ ni ọ̀sán, ìyókù ni òru. Ó ní ní ibi tí kò sí ohun mìíràn bí kò ṣe ilé gbígbé, kí ariwo má ṣe ju 50 lọ ní ọ̀sán, kí ó má sì ju 35 lọ ní òru. Ní ibi tí ilé gbígbé àti ọjà àti ilé àríyá bá dàpọ̀ mọ́ ara wọn, 55 ní ọ̀sán, 45 ní òru. Òfin wà, ẹ̀yin ènìyàn wa. Kì í ṣe àìsí òfin ni ó ń yọ wá lẹ́nu.

Ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu ni pé títì pa ni a mọ̀, a kò mọ fífún ní àṣẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìròyìn kàn káàkiri ayé pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú nǹkan bí ilé ìtura àti ilé ijó 10. Ní ọdún 2013, wọ́n ti Ilé Afrika Shrine tuntun tí ó wà ní Ìkẹjà pa nítorí ariwo àti àwọn ẹ̀sùn mìíràn, wọ́n sì tún ṣí i lẹ́yìn náà. A kò dá ìjọba lẹ́bi pé ó gbọ́ igbe àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èdìdì ń kọ́ onílé ijó. Ní ọjọ́ Ajé ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n fi èdìdì dì í. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó san owó, wọ́n ṣí i. Ògiri rẹ̀ kò nípọn sí i, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní abẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó kọ́ ni iye owó tí ó ní láti ní nílé.

Ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí èyí. Ìwé àṣẹ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó sì ní agbára láti sọ ọ́? Ẹ ṣí Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sí Àfikún kẹrin, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé fífún ni ní ìwé àṣẹ ọtí títà àti ìdarí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì ti jẹ́ iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe Àbújá. Kì í ṣe gómìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò yín ni, tí ó ń kí yín ní ọjọ́ ọdún. Agbára náà wà ní ọwọ́ ẹni tí ó sún mọ́ wa jù, òun ni a sì ń lò bí ọ̀nà àtigba owó lásán: ẹ mú owó wá, ẹ gba ìwé, ẹ máa lọ.

A fẹ́ sọ ìtàn ẹjọ́ kan fún yín, nítorí odó wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú London, ní ibi tí Wigmore Street àti Wimpole Street ti pàdé, ọkùnrin kan wà tí ń ṣe àkàrà òyìnbó àti ohun dídùn tà. Bridgman ni orúkọ rẹ̀. Ó ní odó ńlá méjì ní ilé ìdáná rẹ̀, tí ó fi ń gún èlò. Ọ̀kan nínú odó náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 60, èkejì fún ọdún tí ó lé ní 20. Kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ ohunkóhun. Ní ọdún 1865, oníṣègùn kan tí ó ń jẹ́ Sturges wá gbé ní ilé kejì. Ọdún mélòó kan kọjá, kò sí ìjà. Ní ọdún 1873, oníṣègùn náà kọ́ yàrá kan sí ìparí ọgbà rẹ̀, ó fi í lé ògiri ilé ìdáná Bridgman, kí ó lè máa yẹ àwọn aláìsàn wò níbẹ̀. Ìgbà tí ó gbé etí lé àyà aláìsàn, odó ni ó gbọ́. Ó pe alákàrà lẹ́jọ́.

Bí a bá gbé ẹjọ́ yìí wá sí ìta ààfin ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wa, a rò pé ìjòyè púpọ̀ yóò sọ pé: ìwọ oníṣègùn, ìwọ ni o wá bá odó, odó kò wá bá ọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1879, àwọn adájọ́ dá oníṣègùn láre. Wọ́n ní pípẹ́ odó kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, nítorí pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí odó náà ń pa lára tí ìbá lè fi ẹjọ́ sùn. Wọ́n tún sọ ohun kan tí àwọn lọ́yà wa ń kọ́ títí di òní: pé ohun tí ó jẹ́ ìyọlẹ́nu ní àdúgbò àwọn ọlọ́lá lè má jẹ́ ìyọlẹ́nu ní àdúgbò àwọn oníṣẹ́ awọ. Àdúgbò Bermondsey ni wọ́n mú ṣe àpẹẹrẹ fún oníṣẹ́ awọ.

Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn tán. Apá kejì rẹ̀ ni a bẹ̀rù jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà àdúgbò ni yóò sọ iye ariwo tí ènìyàn ní láti fara dà, a jẹ́ pé àwọn tálákà tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ garéèjì ni yóò máa jí ní gbogbo òru, tí ọlọ́rọ̀ yóò sì máa sùn. Ọmọ tálákà pẹ̀lú ní ìdánwò láti ṣe ní òwúrọ̀.

Bermondsey yẹn wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní òní, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ń gbé, ní Peckham àti ní ẹ̀gbẹ́ Old Kent Road. Ẹni tí ó bá ti lọ bẹ ọmọ rẹ̀ wò níbẹ̀ yóò ti rí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn wa nínú àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ àti ilé ìkẹ́rù. Ní Southwark náà ni ilé ijó kan wà tí a ń pè ní Ministry of Sound, tí ó ṣí ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ń gbé ní àyíká rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́jà ilé fẹ́ kọ́ ilé gíga onípele púpọ̀ kan sí òdìkejì rẹ̀. Onílé ijó mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá ti wọ ilé náà, ẹjọ́ odó ni yóò tẹ̀ lé e. Ìjà náà gba ọdún mélòó kan. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, wọ́n ti parí rẹ̀ báyìí: àwọn ọlọ́jà ilé yóò kọ́ ilé tí fèrèsé rẹ̀ lè dá ariwo dúró, àdéhùn yóò sì wà nínú ìwé ilé náà fúnra rẹ̀ pé ẹni tí ó bá rà á gbà pé ilé ijó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba fi irú èrò yìí sí inú ìlànà ilé kíkọ́ fún gbogbo ilẹ̀ England: ẹni tí ó bá mú àyípadà wá sí àdúgbò ni yóò ru ẹrù àyípadà náà. Bí ilé ijó bá bá ilé gbígbé, kí ilé ijó dí ògiri rẹ̀. Bí ilé gbígbé bá bá ilé ijó, kí ẹni tí ó ń kọ́lé dí fèrèsé rẹ̀.

Èyí ni a rò pé ó sún mọ́ òdodo ju ìdájọ́ ti 1879 lọ. A sì bẹ̀ yín pé kí ẹ mú un bá ọ̀rọ̀ tiwa mu. Ilé bàbá olùkọ́ ti wà fún ọdún púpọ̀ kí ilé ijó tó dé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn onílé tí ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, méjì wà tí wọ́n ra ilẹ̀ tí wọ́n sì kọ́lé nígbà tí ilé ijó ti ń lu ìlù. A bi wọ́n léèrè, wọn kò sì jiyàn.

Ohun kan tún wà nínú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni òfin ìwé àṣẹ wọn ti ọdún 2003 ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ ní láti lẹ ìwé ìkéde kan mọ́ ara ilé náà fún ọjọ́ 28, ìwé tí ó ní àwọ̀ búlúù kí ojú lè tètè rí i, kí gbogbo ẹni tí ó ń kọjá lè ka agogo tí ó ń béèrè. Ará àdúgbò lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá kọ̀wé, a ó pe àwọn méjèèjì jókòó. Bí a bá sì ti fún un ní ìwé àṣẹ tán tí ó yọ ìlú lẹ́nu, aládùúgbò lè ní kí a tún un yẹ̀ wò. Ẹ kò ha rí i? Akéde ni ìwé búlúù yìí. Agogo akéde tí àwa ti sọ nù ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé Nàìjíríà kì í ṣe England, àti pé ẹni tí a bá lẹ ìwé mọ́ ilé rẹ̀ yóò ya á ní òru. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìjòyè àdúgbò kò ṣeé ya.

Nígbà náà, kí ni a ó ṣe pẹ̀lú ìwé méjì yìí? A kò ní fi ọwọ́ sí ìkíní bí ó ti wà, a kò sì ní fi ọwọ́ sí èkejì. A ti pe onílé ijó, a bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó gbà láti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní abẹ́ fèrèsé bàbá, kí ó sì kọ́ ilé bíríkì fún un ní ìhà ojú títì. Ó gbà láti fi ilẹ̀kùn kejì sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, kí ọ̀kan má ṣe ṣí nígbà tí èkejì bá ṣí, nítorí a fi ojú wa rí i pé bí ẹnìkan bá ti jáde ni ariwo ń tú jáde bí omi. Ó gbà láti sọ sípíkà kalẹ̀ láti ara ògiri, kí ó sì gbé e lé orí ohun rírọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ṣòro fún un. Ó ní ijó kò dùn láìsí i. A sọ fún un pé kí ó dín in kù láti agogo 10 lọ, ó ní òun yóò dán an wò. Ní ti àkókò, ó fẹ́ agogo 4, àwọn onílé fẹ́ agogo 10. Àwa rò pé agogo 12 ní ọjọ́ iṣẹ́, àti agogo 2 ní òru Jímọ́ àti òru Àbámẹ́ta, ni a lè gbèjà níwájú àwọn méjèèjì. Kò sì sí èyí tí ó dùn mọ́ nínú. Ìyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

A tún ní láti sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú yàrá yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ òpópónà náà tí ó ń ṣe ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Jímọ́ kan náà, sípíkà rẹ̀ sì kọjú sí ìta. Mọ́ṣáláṣí kan wà pẹ̀lú tí ìwàásù rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, yàtọ̀ sí ìpè àdúrà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. A kò sì gbọ́ rí pé òwe náà yọ ará ilé tí ó jẹ́ pásítọ̀ sílẹ̀. Àwọn onílé kò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí sí inú ìwé ẹ̀sùn wọn. Nígbà tí a béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ wọn ariwo onílé ijó, kí ó gbé ẹ̀rọ kan náà lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì.

Ìjókòó pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ti bẹ Baálẹ̀ àdúgbò náà pé kí ó jókòó níbẹ̀, ó sì ti gbà. A ti bẹ onílé ijó pé kí ó wá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀kùn tí yóò kọ́, kí ó sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹnìkan yóò máa dáhùn ní òru. A ti bẹ àwọn onílé pé kí wọn yan ẹni mẹ́ta tí yóò sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn má baà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá olùkọ́ ni ẹni kìíní tí wọ́n yàn. Ó ti ránṣẹ́ sí wa ní àárọ̀ òní pé òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìpàdé náà sí àárọ̀ kùtùkùtù, nítorí àkókò yẹn ni òun ń sùn.